Ọjọ́ Orí Làmídì Sójà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé ní Ẹdẹ, ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́, kó tó fi yàrá tí n ó ti máa kọ́ni hàn mí. Ó ní títẹ̀wé tí mo lọ kọ́ ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kéèyàn mọ ẹni tó yẹ láti kọ́, iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá Ọláoyè ni orúkọ rẹ̀. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọmọ Ẹdẹ ni, ìjọ kan náà sì ni a jọ ń lọ. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni mò ń wí yìí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kò tóbi. Yàrá mẹ́ta ló ní, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́jọ tí ọ̀kan nínú wọn máa ń há nígbà tó bá wù ú. A ń kọ́ àwọn èèyàn ní títẹ̀wé, a ń kọ́ wọn ní ṣọ́táàndì, ìyẹn bí akọ̀wé ṣe ń fi àwọn àmì kéékèèké sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá rẹ̀, a sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà òwò àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ẹni tó bá fi ọdún méjì kọ́ ọ tó sì yege á gba sátífíkéètì. Láyé ìgbà yẹn, ìwé yẹn kì í ṣe ohun kékeré rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó àti èkùrọ́ lẹ́bàá ojú irin kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní in jókòó ti tábìlì.

Ohun tí ìwé pupa yẹn wà fún ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ wa, èmi ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. N ó ka lẹ́tà rẹ̀, n ó pe ọ̀rọ̀ fún un kó kọ ọ́ sílẹ̀, n ó wo ìka rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, n ó sì bi í ní ìbéèrè díẹ̀. Lẹ́yìn náà n ó kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí iwájú orúkọ rẹ̀: yóò wọlé, kò lè wọlé, tàbí ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Ọ̀gá Ọláoyè kò fẹ́ àlàyé. Ó ní ẹnu àlàyé ni àánú máa ń gbà wọlé, àánú kò sì lè tẹ̀wé.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ni mo ṣe àṣìṣe tí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ọkùnrin kan láti Awo kọ̀wé sí wa, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé mo gbé e lọ han àwọn olùkọ́ yòókù. Mo ti kọ "yóò wọlé" síwájú orúkọ rẹ̀ kí n tó fojú kàn án. Nígbà tó dé, mo fún un ní kálámù, ó dì í mú bí ẹni di ọkọ́ mú. Bàbá Akọ̀wé tó máa ń gbé tábìlì sẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló bá a kọ lẹ́tà náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ọwọ́ Bàbá Akọ̀wé bí mo ṣe mọ ọwọ́ bàbá mi. Bí mo bá pàdé wọn lọ́nà, n ó kúnlẹ̀ kí wọn, n ó ní mẹ́rin nínú àwọn ọmọ wọn, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n kọ, ló dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn náà á sì béèrè iye tí mo gbà nínú wọn.

Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni Làmídì dé. Ọyẹ́ ti ń mú, a ti ń gba orúkọ àwọn tó máa wọlé ní oṣù kìn-ín-ní. Kò kan ilẹ̀kùn bí àwọn èèyàn yòókù. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó pe orúkọ ara rẹ̀ sókè: Làmídì Àkànbí. Ṣòkòtò kákí ló wọ̀, ó sì lọ̀ ọ́ débi pé ojú ìlà rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Mo rí i pé ó jù mí lọ dáadáa, mo dìde lórí àga mi, mo kúnlẹ̀ láti kí i. Àsìkò yẹn gan-an lòun náà gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó ń kí mi bí ọ̀gá sójà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣíwọ́ ìkíni nínú àwa méjèèjì. Nígbà tí a yanjú ìyẹn, mo ní kí ó jókòó, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn bí òun ṣe wà.

Ìdúró ló wà tí mo fi ka lẹ́tà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, n kò tilẹ̀ ní láti béèrè, nítorí kò sí akọ̀wé kankan láyé tí yóò kọ irú rẹ̀ fún oníbàárà. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ní Bọ́mà, nígbà ogun, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àwọn rù lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òun sí ìdí sítọ́ọ̀, tí òun ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà dúdú kọ nǹkan sára àpótí. Níbẹ̀ ni òun ti mọ ìwé. Nígbà tó padà délé, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà títí ó fi ka ìwé mẹ́fà yege. Mo pe ọ̀rọ̀ fún un, méjì péré ló ṣì kọ. Mo gbé e sídìí ẹ̀rọ, ó fi ìka lu bọ́tìnì náà bí ẹni tó ń kan ìṣó, gbogbo ibi tí ó bá ti fi àmì ìdánudúró sí ni bébà ti ń lu. Mo gbé bébà náà sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ wọlé. Òun náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí Ọ̀gá Ọláoyè kì í jẹ́ kí n fò: iṣẹ́ wo lo ti ṣe rí tí o kò ṣe é dáadáa? Èsì kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń fọ̀. Wọ́n á ní ohun tó ń ṣe àwọn ni pé àwọn máa ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Làmídì kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mísì, mo ní ọ̀rẹ́ kan, Jímọ̀, ọmọ ìlú Ara. A jọ ké kéwú, ọjọ́ kan náà la sì wọṣẹ́ sójà. Lọ́dún kejì tí a wọlé, ìbọn ńlá bà á. Ó ń pè mí. Ibi tó wà kò ju ibi tí ẹ jókòó sí yẹn dé ojú fèrèsé lọ. N kò lè dìde. Mo dojú bolẹ̀, mò ń ké pe ìyá mi, títí kò fi pè mí mọ́. Èmi ọkùnrin ọdún méjìlélógún."

Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé láti ojú ogun, òun kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Ara. Ìyá Jímọ̀ ṣì wà láàyè níbẹ̀, ọ̀nà náà kò sì jìn sí Ẹdẹ, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ kó sì padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n kí ni òun fẹ́ sọ fún ìyá náà? Mo wo ìwé pupa ọwọ́ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì tún wù mí gidigidi, nítorí n kò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn rí. Mo kọ "yóò wọlé."

Lẹ́yìn tó lọ tán ni ojú mi tó bọ́ sórí ìwé ìdásílẹ̀ tí àwọn ológun fún un, èyí tó fi pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tó wọṣẹ́. Mo ṣírò rẹ̀, ó di ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wa sì ni pé ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún kò lè wọlé mọ́. Ọ̀gá Ọláoyè ló ṣe òfin náà lẹ́yìn tí bàbá àgbà kan wọlé sọ́dọ̀ wa tó kọ̀ kí olùkọ́ tó kéré sí òun bá òun wí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a. Ó ka ìwé náà, ó mi orí.

Ó ní, "Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lèmi náà. Ẹgbẹ́ mi ni ẹni tó ni ìwé yìí. Báwo ni n ó ṣe pe ẹgbẹ́ mi dìde pé kó ka iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sí mi létí?"

A ránṣẹ́ pe Làmídì, nígbà náà la sì tó mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó lẹ́bàá ojú irin. Ọdún keje rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu géètì. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ mẹ́ta ló ti kọjá lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ pé òun ló máa ń fi ibi tí nǹkan wà hàn wọ́n tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tó wà níbẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì láìpẹ́. Máníjà ti sọ fún un pé bí òun bá ti rí i pé orúkọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní oṣù kìn-ín-ní, àwọn á fi iṣẹ́ náà dè é títí yóò fi gba sátífíkéètì. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn á mú ẹlòmíì wá láti Ìbàdàn, géètì ni yóò sì wà títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Ní Ẹdẹ lásìkò náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tó ń da ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹni tí ọdún rẹ̀ bá pọ̀ jù á lọ sí kóòtù, á búra, wọ́n á sì fún un ní ìwé pé ó kéré. Ọ̀nà kóòtù yẹn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ti sọ ọdún márùn-ún márùn-ún nù. Ọ̀gá Ọláoyè, tí kì í ṣe ìkà èèyàn, rọra dárúkọ kóòtù náà, ó ń wo ojú àjà bí ó ti ń sọ ọ́.

Làmídì ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo ti búra lé ọjọ́ orí mi lẹ́ẹ̀kan rí. Òyìnbó tó ń gba sójà bi mí, mo ní mọ́kànlélógún, torí àwọn tó ṣáájú ní bí mo bá pe ohun tó kéré, wọn á lé mi padà. N kò mọ iye tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti orí mọ́kànlélógún yẹn ni mo ti ń ka tèmi bọ̀, mo sì ti gbà á gbọ́. N kò ní í tún gbé Kùránì lé ohun tí n kò mọ̀."

Ó kí wa, ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ. Mo pa "yóò wọlé" rẹ́, mo kọ "ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Ọ̀gá Ọláoyè bi mí pé kí ni a fẹ́ wò, mo ní n kò tíì mọ̀. Ó fún mi di ọjọ́ Sátidé tí a ó ti ìwé orúkọ pa.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, mo gba agbo ilé wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ ni, ilé Mùsùlùmí pọ́ńbélé, kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé tó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ orúkọ bàbá mi, wọ́n ní àwọn mọ ìyá bàbá mi, wọ́n sì bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sí iwájú mi kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀. A bó o fún ìgbà díẹ̀ kí n tó béèrè bóyá wọ́n rántí ìgbà tí wọ́n bí Làmídì.

Wọ́n ní, "Kí ló dé tí n kò ní í rántí? Yanrìn ṣọ́ọ̀ṣì yín ni mo gbé tí mo fi bí i."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àwọn obìnrin onígbàgbọ́ bá wọn pọn omi. Nígbà tó kan ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin Mùsùlùmí náà gbé igbá, wọ́n sì ń lọ kó yanrìn létí odò Ọ̀ṣun. Oyún Làmídì wà nínú wọn, wọ́n kọ̀ láti jókòó sílé. Ọjọ́ tí òyìnbó ìjọ gbé òkúta ìpìlẹ̀ sí igun ilé náà, tí gbogbo àdúgbò pé síbẹ̀, tí wọ́n sì ti se ìrẹsì sílẹ̀ de àwọn tó ru yanrìn, ibẹ̀ ni ìrọbí ti mú wọn. Wọ́n bí i kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tó ṣì ń dùn wọ́n títí di ọjọ́ tí a ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọn kò rí ìrẹsì náà jẹ. Wọn kò mọ ọdún tó jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí òyìnbó náà tó ń fi ìka tọ́ ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré kúrò níbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n bí mi sí, n kò sì rí òkúta kankan lára rẹ̀ rí. Mo lọ bá akọ̀wé ìjọ, ó ní ikán ti jẹ ìwé àtijọ́ tán. Mo bi Ọ̀gá Ọláoyè, tó dàgbà jù mí lọ, bóyá ó mọ ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Ó ní òun kéré nígbà náà, ó sì rántí lójijì pé òun ní lẹ́tà kan láti fi ránṣẹ́. N kò fura sí nǹkan kan.

Láàárọ̀ Sátidé ni mo rìn yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká, tí mò ń fi ọwọ́ kan ògiri. Ní igun ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi òjò ti ń ta ẹrẹ̀, ọwọ́ mi kan ohun tó tutù ju ògiri yòókù lọ. Gbogbo ọdún Kérésì ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ máa ń fi ẹfun kun ògiri náà, wọ́n sì ti kun òkúta mọ́ ọn títí ó fi pòórá. Mo ránṣẹ́ pe Làmídì àti ìyá rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Ọláoyè pẹ̀lú, nítorí òun ló yẹ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Làmídì mú omi àti búrọ́ọ̀ṣì onírun líle dání. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ń fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń nù ún, bí ó ṣe máa ń nu àpótí ní Bọ́mà, mo rò ó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orúkọ ìjọ. Oṣù àti ọdún ló jáde kẹ́yìn. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìka, mo tún un ṣe nínú ìwé pupa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n.

Ọ̀gá Ọláoyè bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ó ní òkúta kì í ṣe ìwé ìbí, ó ní a kò mọ̀ bóyá ọjọ́ náà gan-an ni. Ìyá Làmídì, tó jókòó sórí àpótí tí a gbé fún wọn, ti ń wò ó láti ìgbà tó ti dé.

Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n gbé dìde láti ka Bíbélì lọ́jọ́ yẹn? Ẹ̀wù kóòtù tí wọ́n yá fún ọ kan orúnkún. O kà á dé àárín, o gbàgbé ìyókù, o sì bú sẹ́kún. Èmi ni mo fi ìdí gèlè mi nu imú rẹ, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí run mí."

Ìyá ń bá tiwọn lọ, wọ́n ní eyín iwájú Ọ̀gá Ọláoyè ti bọ́ ó sì ti hù padà nígbà náà, wọ́n ní ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá dáadáa. Mo bojú wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi ti ń ṣírò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin tó ní ẹgbẹ́ òun ni Làmídì, tó pe ara rẹ̀ ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bí òkúta yìí bá jẹ́ òótọ́, ó ti ń lọ sí ogójì. Òun náà ti gba ọ̀nà kóòtù kọjá rí. Bí ó bá gba òkúta náà gbọ́ fún Làmídì, ó gbà á gbọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn, lójú èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó lè sọ pé ìyá ti darúgbó, pé wọ́n ṣì í mú. Mo mọ̀ pé ó lè sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà mí.

Ọ̀gá Ọláoyè lóṣòó, ó yọ áńkáṣíìfù rẹ̀ tó funfun, ó nu ẹfun tó kù lára nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Ó kí ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ bá mi nu imú. Ó dìde, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Làmídì Àkànbí yóò wọlé. Nígbà tí a fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, ó fẹnu sí mi létí pé ti Làmídì nìkan ni kí n kọ o.

Mo yíjú padà pé kí n kí Làmídì kú oríire. Kò sí lórí ìdúró mọ́. Òun tí kì í jókòó níwájú ẹnikẹ́ni ti jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kákí rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa.

Ó ní, "Mísì, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ tí ìbọn ba Jímọ̀, ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

Mo mọ ọdún tó wọṣẹ́ láti inú ìwé rẹ̀. Mo ní mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́, ọdún kejì rẹ̀ ni Jímọ̀ kú, nítorí náà mẹ́tàdínlógún ni.

"Jímọ̀ náà ńkọ́?"

Mo ní bí wọ́n bá jọ jẹ́ ẹgbẹ́ nílé kéwú, bákan náà ni.

Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ nù ún. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì le. Wọ́n ní, "Ọmọdé ni ọ́. Láti ọjọ́ tí o ti sá lọ ni mo ti ń sọ ọ́ fún wọn pé ọmọdé ni wọ́n gbé lọ yìí. Wọ́n ní àgbàlagbà ló wà nínú ìwé. Àti ìgbà tí o dé, o kò bi mí."

Bẹ́ẹ̀ ló wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọjọ́ tí a wọlé ní oṣù kìn-ín-ní, mo pe orúkọ, Làmídì kò sí níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ń wá wo bóyá aago wa ń ṣiṣẹ́. Agogo mẹ́wàá ti lù kó tó yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa fún erùpẹ̀ títí dé orúnkún. A ní ìwé kan fún àwọn tó bá pẹ́ dé, mo sì ti ṣí i sílẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń dúró, ó ní Ara ni òun ti ń bọ̀. Ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá Jímọ̀, òun kò fi ìkankan pa mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà béèrè: ṣé Jímọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ó dáhùn pé àwọn jọ pín bísíkíìtì jẹ ni. Ìyá náà ní kó jókòó, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún un. Mo pa ìwé àwọn tó pẹ́ dé dé.

Ọdún méjì tó lò lọ́dọ̀ wa, kò rọra tẹ̀wé rí. Bọ́tìnì méjì ló ṣẹ́, gbogbo bébà rẹ̀ ló ń lu, a sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ láìka orúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtọ́jú sítọ́ọ̀, Ọ̀gá Ọláoyè fúnra rẹ̀ a máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Máníjà ilé iṣẹ́ kòkó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fi iṣẹ́ náà dè é. Ọ̀gá Ọláoyè náà mú òfin ọgbọ̀n ọdún kúrò, kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn òmìnira, a ń retí pé yóò sọ ọjọ́ tí yóò pé àádọ́ta ọdún kí a lè bá a ṣe é, a retí títí.

Èmi náà pẹ́ nídìí ìwé pupa. Mo kọ mẹ́fà nínú wọn kún kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú ìwé tó sọ ọjọ́ orí rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló sọ fún un, ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà, ṣé ó ti bi wọ́n. Àwọn olùkọ́ tó dé lẹ́yìn mi rò pé àgbà ló ń dé sí mi.

Ọjọ́ tí Làmídì gba sátífíkéètì rẹ̀, a to bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ mi ni láti kọ orúkọ àwọn òbí tó wá sílẹ̀, kí a lè pè wọ́n jáde láti bá ọmọ wọn dúró. Mo dé ọ̀dọ̀ Làmídì. Obìnrin méjì ló jókòó tì í, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìyá rẹ̀ ni mo mọ̀. Ìkejì rí tín-ín-rín, ó dúdú, ó gbé iṣu Ara mẹ́ta sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wo sátífíkéètì tó wà lórí itan Làmídì bí ẹni pé ó lè kà á. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì. Mo wá bi Làmídì pé èwo nínú wọn ni kí n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀, nítorí ojú ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà.

Ó ní, "Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà kan sí i."

Mo fà á, mo sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì.